Jaime Escalante: Tíṣà Tí Òfin Kíláàsì Rẹ̀ Kọ́kọ́ Mú Òun Fúnra Rẹ̀

  

Kí á tó máa jẹ, kí á tó máa mu, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ṣé ẹ ṣì rántí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí tíṣà ìṣirò wọlé sí kíláàsì yín? Tèmi ò kúrò lọ́kàn mi. Tíṣà kọ òfin sára pátákó: má pariwo, má pẹ́ dé, ra ìwé graph, ra mathematical set, máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ. A da gbogbo rẹ̀ kọ sí ojú ewé kìn-ín-ní ìwé wa. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sẹ́ni tó rántí òfin náà mọ́, àti àwa àti tíṣà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lọ jókòó sẹ́yìn, ó ń fi orí pamọ́ sẹ́yìn ẹni tó ga. Èmi tí mò ń kọ èyí, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yin tá a jọ jókòó síbẹ̀, ẹ mọ ara yín.

Lónìí, àwọn kan nínú wa ti di òbí, àwọn mìíràn ti di tíṣà. Ọ̀rọ̀ òfin kíláàsì ti wá di ọ̀rọ̀ tiwa. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín, tó gbé òfin kalẹ̀ ní kíláàsì ìṣirò lọ́nà tí gbogbo Amẹ́ríkà fi gbọ́ nípa rẹ̀. Láti ọdún 2010 ló ti dolóògbé, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe kò tíì tán nílẹ̀.

ỌMỌ TÍṢÀ MÉJÌ

Jaime Escalante lorúkọ rẹ̀. Èdè Spanish ni, Háímè ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 1930 ni wọ́n bí i ní La Paz, ìlú ńlá tó wà lórí òkè ní orílẹ̀-èdè Bolivia, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Tíṣà ni bàbá rẹ̀, tíṣà ni ìyá rẹ̀. Ní kékeré, àárín àwọn Aymara, ìyẹn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ló gbé, ní abúlé tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń kọ́ni. Nígbà tó yá, wọ́n fi í sí ilé-ìwé San Calixto, tí àwọn àlùfáà Jesuit ti ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀.

Òun náà kọ́ṣẹ́ tíṣà. Ó fi nǹkan bí ọdún 12 kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ní ìṣirò àti physics ní Bolivia. Ó fẹ́ ìyàwó, Fabiola, wọ́n sì bímọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí owó tíṣà ṣe rí, kò sí ilẹ̀ tí wọn ò ti ń ráhùn. Ní nǹkan bí ọdún 1964, ó kó ẹrù rẹ̀, ó di Amẹ́ríkà.

Ó débẹ̀ tán, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ẹ̀rí tó gbé láti ilé, wọn ò kà á sí. Ọkùnrin tó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní physics wá ń nu ilẹ̀ ní ilé oúnjẹ kan ní Pasadena, ní ìpínlẹ̀ California. Láti ibi ìnulẹ̀ ó di alásè. Kọ́lẹ́jì kan wà ní òdìkejì títì. Ó gba ibẹ̀ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ Burroughs tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, ó sì ń fi alẹ́ lọ síléèwé títí ó fi gba oyè nínú ìṣirò ní California State University ní Los Angeles. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: nǹkan bí ọdún 10 ló ná an kó tó lè padà sí iṣẹ́ tó ti mọ̀ ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tó sì máa padà ní 1974, owó tó ń gbà ní Burroughs pọ̀ ju owó tíṣà lọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó lọ.

ÌBÉÈRÈ LẸ́NU Ọ̀NÀ

Ilé-ìwé Garfield High School ní ìlà-oòrùn Los Angeles ni wọ́n gbé e sí. Ọmọ àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Mexico ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn òbí wọn ò sì lówó lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ìta ń da ọgbà rú. Ilé-ìwé náà ti bàjẹ́ débi pé wọ́n fẹ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Escalante rò pé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lòun ń bọ̀ wá kọ́ wọn. Ìṣirò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fà lé e lọ́wọ́. Nígbà tó yẹ ìwé wọn wò, ó rí i pé ohun tí àwọn ọmọ kéékèèké ń kọ́ ní Bolivia ni. Ó dùn ún débi tó fi rò ó láti padà sí ibi iṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀. Ohun tó dá a dúró ni pé ó rí ọmọ 12 tó ní àwọn ṣe tán láti kọ́ algebra. Ọmọ 12 péré o.

Òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ rọrùn. Lẹ́nu ọ̀nà ló wà. Kí ọmọ tó wọ kíláàsì, yóò dáhùn ìbéèrè kan láti inú iṣẹ́ àṣetiléwá ọjọ́ náà. Bó bá gbà á, ó wọlé. Bí kò bá gbà á, ó dúró síta kó lọ tún un wò. Ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ ilé-ìwé rí àwọn ọmọ níta, inú bí i: ojú tirẹ̀ ni pé kí ọmọ ṣáà ti wà nínú kíláàsì, ó tó. Ní ti Escalante, kí ọmọ wà nínú kíláàsì láìkọ́ nǹkan kan kò yàtọ̀ sí kó wà níta.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀. Lára pátákó wa nígbà náà, òfin tó pọ̀ jù ló ń sọ ohun tí ọmọ ò gbọdọ̀ ṣe. Òfin ẹnu ọ̀nà yìí ń sọ fún ọmọ pé: mo gbà pé o lè ṣe é, mo sì ń dúró dè ọ́. Ẹni tí a ò retí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí í dúró lẹ́nu ọ̀nà bi í ní ìbéèrè.

Àwọn òfin yòókù tẹ̀ lé e. Ìdánwò kékeré ń bẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ àṣetiléwá kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Kò sí ọmọ tí wọ́n máa yẹ máàkì àtijọ́ rẹ̀ wò láti fi lé e dànù. Ohun tó ń bi wọ́n ni bóyá wọ́n ní ohun tí èdè Spanish ń pè ní ganas, ìyẹn ìfẹ́ àtinúwá láti ṣe nǹkan. Ó ń fi orin àti àtẹ́wọ́ jí kíláàsì. Ó ń fi eré bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù-sáwọ̀n ṣe àpèjúwe. Ó ń gbé ọ̀bẹ alápatà àti ápù wá láti fi kọ́ wọn ní ìdá nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí eré yẹn tàn yín: òfin ò yí padà.

ÌWÉ ÀDÉHÙN

Nígbà tó yá, ó sọ òfin di àdéhùn lórí ìwé. Ọmọ tó bá fẹ́ wọ kíláàsì rẹ̀ yóò fọwọ́ sí i pé òun á máa wá, òun á máa múra sílẹ̀ kí òun tó wá, òun á sì wá fún ẹ̀kọ́ àkànṣe nígbà ìsinmi gígùn. Òbí náà yóò fọwọ́ sí i. Ọmọ ò ní lè sọ pé òun ò mọ̀, òbí ò sì ní lè sọ pé wọn ò sọ fún òun. Bí ọmọ kan ò bá wá, yóò pe ilé wọn lórí fóònù.

Àwọn àgbà ní bí ẹnì kan bá ní òun ó dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Kí ni ti ọrùn tíṣà yìí? Kí ilé-ìwé tó ṣí, ó ti dé. Nígbà tí àwọn yòókù ti relé, òun àti àwọn ọmọ ṣì wà níbẹ̀. Ó ń kọ́ wọn lọ́jọ́ Sátidé. Ó ń kọ́ wọn nígbà ìsinmi. Ó tilẹ̀ ń bá àwọn ọmọ wá owó ìdánwò. Ẹ gbọ́ eléyìí: ìgbákejì ọ̀gá ilé-ìwé kan halẹ̀ mọ́ ọn pé wọ́n máa lé e. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó ń tètè dé jù, ó ń pẹ́ lọ jù, ó sì ń wá owó ìdánwò láìgba àṣẹ! Nígbà tí ọ̀gá tuntun dé, Henry Gradillas, ni ara tó tù ú. Gradillas dín kíláàsì ìṣirò aláìlẹ́sẹ̀nílẹ̀ kù, ó ní kí ẹni tó bá ń ṣe é ṣe algebra pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá sì já wálẹ̀, kò ní bá wọn ṣeré ìdárayá tàbí ẹgbẹ́ lẹ́yìn ilé-ìwé. Òfin tíṣà kan ti di òfin gbogbo ilé.

Mi ò ní sọ pé gbogbo ìwà rẹ̀ ló ṣeé wò kọ́. Ẹnu rẹ̀ mú. Ó máa ń fi ọmọ tó bá ya ọ̀lẹ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ẹgbẹ́, ó sì máa ń halẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà tó ń ka èyí mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ lè gbé ọmọ kan dìde, ó sì lè fọ́ òmíràn. Ohun tó mú kí àwọn ọmọ fara dà á ni pé wọ́n rí i tó ń ṣiṣẹ́ jù wọ́n lọ.

ỌDÚN 1982

Amẹ́ríkà ní ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní Advanced Placement. Ọmọ ilé-ìwé gíga tó bá yege níbẹ̀, yunifásítì lè kà á fún un bí ẹni pé ó ti ṣe ẹ̀kọ́ náà lọ́dọ̀ wọn. Ti calculus wà lára èyí tó le jù. Ní 1979, ọmọ 5 láti kíláàsì Escalante ló jókòó fún un. 2 péré ló yege. Ní 1980, 9 ló ṣe é, 7 yege. Ní 1981, 15 ṣe é, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣubú. Ní 1982, ọmọ 18 jókòó, gbogbo wọn sì yege.

Àyọ̀ ò tíì tán tí lẹ́tà dé. Educational Testing Service, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìdánwò náà, ní ìwé 14 nínú wọn jọra jù, pé àṣìṣe kan náà wà nínú ìdáhùn sí ìbéèrè kan. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà tún ìdánwò ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ máàkì wọn á wọmi. Ẹ fojú inú wò ó. Ọmọ tó fi Sátidé àti ìsinmi rẹ̀ jin ìwé, tó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti yege, wọ́n wá ń pè é ní ajíwèéwò. Escalante gbà pé ká ní orúkọ àwọn ọmọ náà kì í ṣe orúkọ Mexico, ká ní kì í ṣe Garfield ni wọ́n ti wá, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n ní nǹkan kan. Ilé-iṣẹ́ náà ní rárá o, ohun tó wà nínú ìwé làwọn wò.

Mi ò ní fi apá kejì pamọ́ fún yín. Jay Mathews, oníròyìn tó kọ ìwé lórí Escalante ní 1988, kọ ọ́ pé méjì nínú àwọn ọmọ náà sọ fún òun pé bébà kan tó ní ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn rìn kiri lọ́jọ́ ìdánwò. Ìdáhùn tí kò tọ̀nà sì ni. Ìyẹn ò dára, kò sì yẹ ká bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni: ṣé àwọn ọmọ yìí mọ calculus àbí wọn ò mọ̀ ọ́n?

Méjì nínú àwọn 14 náà kọ̀, wọn ò tún un ṣe. Àwọn 12 yòókù gbà. Ìparí oṣù kẹjọ ni, ìwé ti kúrò lọ́kàn wọn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi múra. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣe ìdánwò tuntun. Àwọn méjèèjìlá yege, wọ́n sì dá máàkì wọn padà fún wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1983, àwọn tó yege di 30. Ní 1987, ọmọ 73 yege nínú ìdánwò calculus ti ipele àkọ́kọ́, 12 sì yege nínú èyí tó ga jù ú lọ. Ilé-ìwé tí wọ́n fẹ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ níjọ́sí o!

Ní 1988, wọ́n fi ìtàn náà ṣe fíìmù, Stand and Deliver, tí Edward James Olmos ti ṣe Escalante. Bóyá ẹ ti wò ó. Ó dáa, ṣùgbọ́n ó lè tan ènìyàn jẹ. Nínú fíìmù, ó dà bí ẹni pé láàárín ọdún kan sí méjì ni ọmọ tí kò mọ ìdá nǹkan di ọ̀gá nínú calculus. Kò rí bẹ́ẹ̀. 1974 ló dé Garfield. 1982 ni ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Ọdún 8 wà láàárín. Ó ní láti kọ́kọ́ ṣètò ẹ̀kọ́ algebra àti geometry fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, àwọn tíṣà mìíràn bíi Ben Jiménez sì bá a gbé e. Kékeré la ti ń pa ẹ̀ka ìrókò.

LẸ́YÌN TÓ LỌ

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Bí orúkọ rẹ̀ ṣe ń tàn, wàhálà ń pọ̀. Kíláàsì rẹ̀ kún débi pé nígbà míì ó ju ọmọ 50 lọ, bẹ́ẹ̀ 35 ni ẹgbẹ́ olùkọ́ bá ìjọba ṣàdéhùn. Ẹgbẹ́ olùkọ́ bínú. Ká má parọ́, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ NUT tó wà láàárín wa mọ̀ pé òfin yẹn ní ìdí: ohun tí Escalante lè gbé, kì í ṣe gbogbo tíṣà ló lè gbé e. Gradillas náà ti kúrò. Ní 1990, wọ́n gba ipò olórí ẹ̀ka ìṣirò lọ́wọ́ Escalante, ní 1991 ó fi Garfield sílẹ̀ lọ kọ́ni ní Hiram Johnson High School ní Sacramento.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Garfield? Ọmọ 85 ló yege ní 1987. Ní 1996, ipele méjèèjì lápapọ̀, 11 péré ni. Àwọn ọmọ ò ya òmùgọ̀ lójijì. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀, pátákó ṣì wà lára ògiri. Àwọn tó ń mú àdéhùn ṣẹ ló ti lọ. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bó bá dá a ṣe, ọjọ́ tí igi náà bá wó, ẹ máa rí ilẹ̀ gbalasa.

Escalante fẹ̀yìn tì ní 1998. Ní 2001 ó padà sí Bolivia, ó sì tún ń kọ́ni ní yunifásítì kan níbẹ̀. Jẹjẹrẹ ilé ìtọ̀ ló mú un. Nígbà tí owó ìtọ́jú ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn ní 2010, ta ló dìde? Àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ àtijọ́ ní Garfield ni, pẹ̀lú àwọn òṣèré tó ṣe fíìmù náà. Wọ́n dá owó jọ fún un. Ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹta ọdún 2010 ló jáde láyé ní Roseville, California, lẹ́ni ọdún 79. Ní 2016, ìjọba Amẹ́ríkà ya àwòrán rẹ̀ sára sítám̀pù ìfilẹ́tà-ránṣẹ́.

KÍ LA FẸ́ MÚ LỌ SÍLÉ?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, gbogbo ọdún la máa ń jókòó, tá à ń ronú ohun tí ẹgbẹ́ wa máa ṣe fún ilé-ìwé. A ti kun gáètì. A ti ra àga. Ó dáa, Ọlọ́run á san án fún wa. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń jókòó lẹ́yìn ní kíláàsì ìṣirò, tó ń fi orí pamọ́ bí èmi ṣe ń fi tèmi pamọ́, àga tuntun ni wọ́n fi ń pamọ́ sí báyìí.

Èrò tèmi nìyí. Ẹ jẹ́ ká ṣe kíláàsì ìṣirò ọjọ́ Sátidé fún JSS 3 títí dé SS 3. Kí á kọ àdéhùn sórí ìwé bíi ti Escalante: kí ọmọ fọwọ́ sí i, kí òbí fọwọ́ sí i. Kí àwa náà fọwọ́ sí i o, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé tíṣà tó bá fi Sátidé rẹ̀ sílẹ̀ máa gba nǹkan lọ́wọ́ wa lóṣooṣù, tí kò ní yẹ̀. Pé ẹni tó mọ ìṣirò nínú wa máa yọjú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní táàmù. Pé ọmọ tó bá pa àdéhùn tirẹ̀ mọ́, owó WAEC ò ní dá a dúró. Kí iṣẹ́ náà má sì wà lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo. Kí á tò ó lẹ́yẹ-lẹ́yẹ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀tì, kí ọ̀kan máa gbà á lọ́wọ́ èkejì.

Àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ bá wa kọ òfin ẹnu ọ̀nà fún wọn. Ìbéèrè kan péré, kí ọmọ tó wọlé. Ká ní ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà bi mí ní ìbéèrè nígbà náà lọ́hùn-ún, bóyá n bá ti mọ̀ pé wọ́n ń retí mi nínú ilé.

Iwájú ni mo máa jókòó sí ní ìpàdé wa lọ́tẹ̀ yìí. Ìwé àdéhùn á wà lọ́wọ́ mi, bírò á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.  Ilé-ìwé wa ò ní bàjẹ́ o.